Ìjà Parí Ní Ọ́fíìsì, Ó Tún Bẹ̀rẹ̀ Ní Géètì: Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Bá Àwọn Ọmọ Iléèwé Parí Ìjà Kó Parí Lóòótọ́

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ọmọ méjì jà ní kíláàsì, ẹ pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì, ẹ nà wọ́n lẹ́gba mẹ́fà mẹ́fà, ẹ ní "ó yá, ẹ bọra yín lọ́wọ́, ẹ dì mọ́ra", wọ́n dì mọ́ra lóòótọ́, ẹ ní kí wọ́n máa lọ, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán tí wọ́n lu aago pé ká máa relé, wọ́n ti tún ya ara wọn láṣọ níwájú géètì, ẹ̀gbọ́n ẹni tibí ti dé, àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tọ̀hún ti ń ṣa òkúta.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo jẹ́ tíṣà tó ni kíláàsì JSS2 kan ní iléèwé ìjọba kan n'Íbàdàn nígbà náà, àwọn ọmọkùnrin méjì sì jà, mi ò ní sọ orúkọ wọn, ẹ jẹ́ ká pe ìkan ní Lágbájá ká pe ìkejì ní Tàmẹ̀dù. Tàmẹ̀dù gbá Lágbájá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, ó tún gba math set ẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi fọ́. Mo nà wọ́n, mo ní kí wọ́n bọra lọ́wọ́. Ní ọjọ́ yẹn gan-an wọ́n tún jà ní jọ́ńṣọ̀n, ó sì ju tàárọ̀ lọ. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, èmi sì ti sọ kíláàsì mi di kóòtù láìmọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, ìpele kan tẹ̀ lé ìkejì. Kì í ṣe pé ká má bá ọmọ wí o. Ó jẹ́ pé ká jẹ́ kí ẹni tó ṣe nǹkan mọ ohun tó ṣe gan-an, kí ẹni tó dùn ráyè sọ ọ́, kí àwọn méjèèjì sì fẹnu ara wọn sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú: a máa ń rò pé ìgbà tá a bá kó wọn jókòó pọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Rárá o, iṣẹ́ wà nínú kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá fo ìyẹn, ẹ má wulẹ̀ pe ìpàdé kankan.

Ohun tẹ́ ẹ nílò

- Àṣẹ prinsipá tàbí VP. Ẹ lọ bá wọn kí ìjà kankan tó ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde lẹ́nu ọmọ. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi, ẹ bá mi fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún wọn ní sọ́pẹ́ńṣọ̀n."
- Ibi tójú ò pọ̀. Láíbìrì dáa, lábù dáa tí wọn ò bá lò ó, abẹ́ máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì náà dáa tí kò bá sí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Staff room ò dáa rárá, torí kò sí bí ọmọ ṣe máa sọ òótọ́ níbi tí tíṣà mẹ́jọ ti ń jẹun tí wọ́n sì ń dá sí i.
- Ìṣẹ́jú 15 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà pírìọ́dù kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 40, fún ìjókòó.
- Nǹkan kan tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa mú dání. Dọ́sítà tá a fi ń nu bọ́ọ̀dù lèmi máa ń lò.
- Ìwé nóòtù kan tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ẹ má kọ ọ́ mọ́ inú rẹ́jístà.
- Àgbàlagbà kejì tí ìjà náà ò kàn, kọ́ńsẹ́lọ̀ tẹ́ ẹ bá ní, tàbí tíṣà míì tó mọ bí èèyàn ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Ẹ dúró níbí ná. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú nǹkan tí mò ń kọ yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá mú yín ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọmọ lọ́nà tí kò yẹ, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ ì báà jẹ́ tíṣà, ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn, ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká jókòó ká parí ẹ̀" kọ́. Ẹ má fi ọmọ yẹn síwájú ẹni tó ṣe é láéláé. Ẹ sọ fún prinsipá, kí ó lọ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti àwọn tí ìjọba yàn sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Bákan náà lọ̀rọ̀ tí ọ̀bẹ, ìbọn tàbí ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ti wọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ẹ̀rù ti ń ba ọmọ kan débi pé tó bá rí ìkejì ara ẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ìyẹn ná, ìjókòó lè dúró.

Ìpele 1: Ẹ pín wọn níyà, kí ara tutù

Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan nígbà tí àyà wọn bá ṣì ń lọ sókè sódò. Ẹni tó fara pa, ẹ tọ́jú ẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ fún wọn lómi. Ẹ fi ìkan sí ibì kan, ìkejì sí ibòmíì, kí wọ́n jókòó, kì í ṣe kí wọ́n kúnlẹ̀ gbọ́wọ́ sókè lọ́nà tí gbogbo iléèwé ń gbà kọjá, torí ọmọ tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín lọ́dọ̀ yín, ẹni tó bá a jà ló máa di ẹ̀bi náà lé lórí, ẹ̀ ń bá wọn dáná sí i ni.

Ìkìlọ̀: ẹ má bi kíláàsì pé "ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?" Mo ti rí i pé ìbéèrè yẹn nìkan tó láti pín kíláàsì ọmọ 60 sí méjì, gbogbo wọn á pariwo, àwọn tí ò sí níbẹ̀ á jẹ́rìí, ẹ̀yin náà á sì ti dá ẹjọ́ lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sí, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé géètì ọjọ́ yẹn o! Ibẹ̀ lèmi ti ṣubú. Ẹ dá ìkan dúró fún ìṣẹ́jú 20 kí ìkejì ti lọ, kí tíṣà kan sin wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, ẹ pe òbí wọn lórí fóònù kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: "Ọmọ yín jà lónìí mà, kò fara pa púpọ̀, a máa bójú tó o lọ́la, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má nà án lálẹ́ yìí."

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ọmọ náà lè mu omi, ó lè sọ pírìọ́dù tí wọ́n wà fún yín láìsunkún, àwọn méjèèjì sì délé láìtún pàdé. Ó ti ṣe nìyẹn.

Ìpele 2: Ẹ rí ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò yín. Ẹ fi ẹgba sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì, kó má tiẹ̀ sí lórí tábìlì, torí ọmọ ò ní wo ojú yín, ẹgba yẹn ló máa máa wò. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ kọjú síbì kan, ẹ má dojú kọ ọ́ bí ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ wa, a ti kọ́ wọn pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í tẹjú mọ́ àgbà, ìwọ wá ní "wo ojú mi, o ń purọ́ ni", ọmọ náà ò mọ èwo ni kóun ṣe mọ́. Tó bá ń wo ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa wo ilẹ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n rèé, mo kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé nóòtù mi kí n má bàa gbàgbé:

1. Kí ló ṣẹlẹ̀?
2. Kí lò ń rò lọ́kàn nígbà yẹn?
3. Látìgbà yẹn wá ńkọ́, kí lò ń rò?
4. Ta ni nǹkan yìí ti dùn tàbí tó ti kó bá, báwo ló ṣe kó bá wọn?
5. Èwo ló le jù nínú ẹ̀ fún ìwọ alára?
6. Kí lo rò pé ó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kó lè tún dáa?

Nínú ìjà, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹni tó ṣẹ̀ náà la ṣẹ̀, torí náà àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ bi ní gbogbo ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé "kí ló dé tó o fi ṣe báyìí?" ò sí níbẹ̀. Nílé Yorùbá, ẹ̀yin náà mọ̀, ìbéèrè yẹn kì í wá ìdáhùn, ìgbátí ló máa ń tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá gbọ́ "kí ló dé" á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ tó máa fi gba ara ẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀" ni kẹ́ ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ ka 1 dé 10 lọ́kàn yín, tí kò bá tíì sọ̀rọ̀ ẹ tún un kà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń ni tíṣà lára, torí a ti mọ́ kí àwa máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Ìkìlọ̀ kejì, èyí sì kan àwa gan-an. Kẹ́ ẹ tó lanu, ọmọ náà á ti dọ̀bálẹ̀, "ẹ má bínú mà, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ mà, Ọlọ́run mà". Àwọn ọmọ wa mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ látìgbà tí wọ́n ti ń rá, ohun tí wọ́n fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹgba ni. Kì í ṣe pé ó ti mọ ohun tó ṣe. Ẹ má gbà á gẹ́gẹ́ bí òpin ọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni, "O ṣeun, dìde. Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Jókòó, sọ ọ́ fún mi bó ṣe lọ."

Ìgbà tí mo wá ṣe é bó ṣe yẹ, lọ́jọ́ kejì ìjà jọ́ńṣọ̀n yẹn, Tàmẹ̀dù jókòó lórí ọwọ́ ara ẹ̀. Lóòótọ́, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, mo rò pé agídí ni. Nígbà tí mo bi í pé kí ló le jù nínú ẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó yọ ọwọ́ ọ̀tún ó nà án sí mi nímú, ó ní, "Ẹ gbóòórùn ẹ̀ mà. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Òórùn fùfú ni. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló máa ń jí bá ìyá ẹ̀ sẹ́ fùfú kó tó wá síléèwé, ẹni tó bá sì ti sẹ́ fùfú rí mọ̀ pé òórùn yẹn kì í gbọ́ ti ọṣẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni Lágbájá ti ń pè é ní "Ọmọ Olóòórùn", gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ni kíláàsì, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí.

Lágbájá náà ní tiẹ̀. Math set yẹn kì í ṣe tiẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ń múra WAEC ni, ó yá a lò, kò tíì sọ nílé pé ó ti fọ́. Lálẹ́ ọjọ́ ìjà yẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ wọlé kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lè ti sùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé orúkọ yẹn ń dun Tàmẹ̀dù torí Tàmẹ̀dù náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ǹjẹ́ ẹgba mẹ́fà ì bá ti gbé èyíkéyìí nínú èyí jáde?

Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó lọ, ìbéèrè méjì ló kù: "Tá a bá pe ẹnìkejì ẹ tá a jọ jókòó, kí lo máa fẹ́ kó gbọ́? Ṣé nǹkan kan wà nínú ohun tó o sọ fún mi tó ò fẹ́ kí n sọ síta?" Tàmẹ̀dù ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ ìyá òun, tó bá yá òun á sọ ọ́ fúnra òun. Mo pa á mọ́. Tọ́mọ bá ní òun ò jókòó pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ má fipá mú un, ẹ máa ti ọ̀dọ̀ ìkan lọ sọ́dọ̀ ìkejì jíṣẹ́ fún wọn, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó lọ sí ìpele tó kàn, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè sọ nǹkan mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹ fi sí i lẹ́nu: ohun tóun ṣe, ẹnì kan tó dùn, ohun kan tóun lè ṣe sí i. Tó bá ṣì jẹ́ "òun ló kọ́kọ́ bú mi" lẹ́ẹ̀mẹrin, kò tíì tó àkókò. Ẹ tún rí i lọ́la. Mi ò rí ìjókòó kan tó bà jẹ́ rí tó jẹ́ pé ìjókòó gan-an ló bà á jẹ́, ibí ló máa ń ti wá.

Ìpele 3: Ẹ múra ibi ìjókòó

Ìpele kékeré nìyí. Ẹ to àga yípo, kó má sí tábìlì láàárín, kí àga tíṣà má ga ju tàwọn ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwọn méjèèjì, ẹ̀yin, àgbà kejì, tí ọmọ bá sì fẹ́ ọ̀rẹ́ kan tó máa jókòó tì í, ẹ gbà á láyè, ẹnì kan péré. Òbí ńkọ́? Tí nǹkan bá bà jẹ́ tó máa ná wọn lówó, tàbí tí ìjà bá ti dé ilé, ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí òbí náà lọ́tọ̀ bẹ́ ẹ ṣe rí ọmọ. Òbí tẹ́ ò bá múra sílẹ̀ á fọ́ ọmọ létí níwájú yín láti fi hàn yín pé òun ń tọ́mọ.

Èdè. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ iléèwé ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, wọ́n ń pè é ní "vernacular". Nínú yàrá yìí, ẹ mú òfin yẹn kúrò pátápátá. Ọmọ JSS2 tẹ́ ẹ bá ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń dùn ún, "he abuse me and I beat him" lẹ máa gbọ́, ó tán. Ẹ ní kó sọ ọ́ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ wá gbọ́ nǹkan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí ojú gbogbo èèyàn láti orí ẹ̀? Ṣé àwọn tó ń kọjá ò rí yín?

Ìpele 4: Ìjókòó

Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ rèé: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. A ò wá síbí láti mọ ẹni tó burú. A fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó dùn, àti bá a ṣe máa tún un ṣe. Ẹni tí dọ́sítà bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, èmi náà wà nínú ẹ̀. Kò sí bíbú, kò sí ẹ̀rín. Ohun tá a bá sọ níbí, kò gbọdọ̀ dé kíláàsì, àyàfi tó bá jẹ́ nǹkan tó lè pa ẹnì kan lára, ìyẹn mo gbọ́dọ̀ sọ fún prinsipá." Ẹ má yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn o, ẹ má ṣèlérí àṣírí tẹ́ ò ní lè pa mọ́.

Ẹni tó ṣe èyí tó fi ara hàn jù ni mo máa ń gbé dọ́sítà fún kọ́kọ́, kí ìkejì lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ pé ó gbà pé òun ṣe é, kí ara ẹ̀ lè wálẹ̀ kó tó kàn án. Ìbéèrè kan náà tẹ́ ẹ bi í lọ́tọ̀ lẹ máa bi í níbí, kò sí tuntun. Lẹ́yìn náà ìkejì. Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀rẹ́ tàbí òbí. Kẹ́ ẹ wá dé orí "kí la máa ṣe?"

Tàmẹ̀dù ló kọ́kọ́ mú dọ́sítà. Ó sọ pé òun gbá a lẹ́nu, òun fọ́ math set. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó fúnra ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ fùfú, aago mẹ́rin ààbọ̀, ọṣẹ, gbogbo ẹ̀. Nígbà tí dọ́sítà dé ọwọ́ Lágbájá, ó ń yí i síwá sẹ́yìn títí ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì fi bo itan ṣòkòtò ẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Mi ò mọ̀ pé o máa ń jí ní aago mẹ́rin." Ohun tó sọ nìyẹn. Kò tíì sọ "jọ̀ọ́", ṣùgbọ́n Tàmẹ̀dù gbé orí sókè, ó wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wo ara wọn lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Àwọn ibi tá a ti ń ba ìjókòó jẹ́:

Ìwàásù. Tí ọmọ bá ti sọ ohun tó dáa, ó máa ń wù wá ká fi ẹsẹ Bíbélì tàbí Kùránì tì í lẹ́yìn, ká tún sọ ìtàn ìgbà tiwa. Ẹ gbé e mì. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti padà sí kíláàsì lọ́kàn wọn nìyẹn, tíṣà ń kọ́ wọn, wọ́n ń retí aago.

Fífipá gba ẹ̀bẹ̀. "Ó yá, bẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà, sọ pé o ti dárí jì í." Ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ bá fipá gbà, níwájú géètì ló máa ti bì í. Tó bá máa bẹ̀ ẹ́, á bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò tíì dárí jì, kí ìjókòó sì tún yọrí sí rere.

Ẹkún. Tí ọmọ bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún, ẹ má ní "ọkùnrin kì í sunkún". Ẹ fún un lómi, kí dọ́sítà wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí tó fi máa ṣe tán.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé àwọn ọmọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tàbí ẹ̀yin ni gbogbo wọn ń dá lóhùn? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ ní "má sọ fún mi, òun ni kó o sọ fún." Tí ẹnì kan bá ti fẹ́ dìde jà, ẹ dá a dúró láìsí ìtìjú, ẹ padà sí ìpele 2.

Ìpele 5: Àdéhùn

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Kí ohun tó wà nínú ẹ̀ kéré, kó ní ọjọ́, kó jẹ́ nǹkan tọ́mọ lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. "A ò ní jà mọ́" kì í ṣe àdéhùn, ìlérí lásán ni, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ní Ọjọ́bọ̀.

Tiwọn lọ báyìí: Lágbájá ò ní pe orúkọ yẹn mọ́, tí ẹlòmíì bá pè é níwájú ẹ̀ á sọ fún un pé kó jáwọ́. Tàmẹ̀dù á fún Lágbájá ní kọ́ńpáàsì àti protractor tiẹ̀ títí Fráìdé, á sì dá ìdajì owó math set láti inú owó tí ìyá ẹ̀ máa ń fún un lọ́jọ́ Sátidé tó bá bá a tajà, Lágbájá náà á dá ìdajì torí ó ní òun lòun kọ́kọ́ fẹnu ba nǹkan jẹ́. Èmi á tẹ̀ lé Lágbájá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ìyẹn lẹ́nu ara wọn ni, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mo pe ìyá Tàmẹ̀dù láti rí i pé ó mọ̀ sí owó náà, ó sì gbà.

Ìkìlọ̀: ẹ má ki ìyà bọ àdéhùn. Gígé koríko, fífọ ilé ìyàgbẹ́, kò tún math set ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹ má sì gbé owó tó ju agbára ilé ọmọ lọ sínú ẹ̀. Èyí tó burú jù ni kíkà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo iléèwé ní assembly, ẹ má dán an wò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní kí ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣàlàyé apá ti ẹnìkejì, kì í ṣe tiẹ̀. Tí kò bá lè sọ ọ́, kò gbọ́ ọ nìyẹn.

Ìpele 6: Ẹ padà lọ wò ó

Ibí ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ wa jù, torí iṣẹ́ pọ̀, máàkì wà, lesson note wà. Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta sínú nóòtù yín lọ́jọ́ ìjókòó gan-an: ọjọ́ kejì, ọjọ́ keje, ọjọ́ kọkànlélógún. Ìṣẹ́jú méjì tó, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní bíréèkì, "báwo ni àdéhùn yẹn ń lọ?"

Tí àdéhùn bá já, ẹ má ní "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀". Ẹ bi í pé ibo ló ti já. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ tóbi jù fún ọmọ náà, ẹ dín in kù. Tó bá jẹ́ agídí ni, ìgbà yẹn ni òfin iléèwé lè wọlé, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù.

Tí wọ́n bá ní ẹ̀ ń kẹ́ wọn

Wọ́n máa sọ ọ́, ní staff room, ní PTA. "Ọmọ ò ní bẹ̀rù yín mọ́." Ẹ fún wọn lésì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó jókòó síwájú ẹni tó ṣẹ̀ kó gbọ́ ohun tó ṣe nira ju ẹgba mẹ́fà lọ, ẹ ní kí wọ́n bi ọmọ èyíkéyìí tó ti ṣe é. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 náà sọ ní abala 11 pé ọmọ ní iyì tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, Èkó sì ti sọ òfin náà di tiẹ̀ ní 2007. Àwọn tó ń ní nǹkan òyìnbó ni, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, tí wọ́n máa ń kó gbogbo ẹbí jókòó sórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ni ìjọba ibẹ̀ ti mú un wọ òfin wọn ní 1989. Agbo ilé ta ni ò sì tíì jókòó bẹ́ẹ̀ rí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé?

Tó bá jẹ́ pé ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì yín, ẹ ò lè ṣe gbogbo ìpele yìí fún gbogbo nǹkan, kò sì yẹ kẹ́ ẹ ṣe é. Gbígba bírò lọ́wọ́ ẹni, títì ẹni lórí ìlà, ìbéèrè mẹ́ta ti tó lẹ́nu ọ̀nà: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló dùn, kí lo máa ṣe sí i báyìí? Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbìyànjú ìjókòó ńlá, kí ẹnu yín lè mọ́ àwọn ìbéèrè náà, kí etí àwọn ọmọ náà sì mọ́ wọn.

Àdéhùn ti Lágbájá já ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹlòmíì pe "Ọmọ Olóòórùn" ní bíréèkì, ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra ẹ̀ ló wá bá mi lẹ́yìn tá a jáde, ó ní "mà, mo rẹ́rìn-ín". Mo bi í kí ló máa ṣe sí i, ó ní òun á lọ sọ fún Tàmẹ̀dù kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó lọ. Mo kọ ọ́ sínú nóòtù, mo tún ka ọjọ́ 21 láti ọjọ́ yẹn, nígbà tó pé mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, math set tuntun ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Lágbájá, mo sì fa ìlà sábẹ́ orúkọ wọn.